Ẹ Bù Ún Lóúnjẹ Ná: Bí A Ṣe Ń Gba Ọmọ Tó Kùnà Padà Sílé

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 mo ra léèsì aláwọ̀ sánmọ̀, yáàdì márùn-ún, mo gbé e fún télọ̀. Ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ mi kejì ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Àwọn obìnrin mẹ́rìnlélógún nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sanwó ankárá fún mi, torí aṣọ ni mo ń tà l'Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kan nínú wọn sì ti rán tiwọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ pé ni ọmọ náà wọlé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀." Mo rò pé ìdánwò kan ló gbé e ṣubú. Ó ní rárá, láti ọdún kejì lòun ò ti wọ kíláàsì mọ́. Owó ilé-ìwé tí mo ń fi ránṣẹ́, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí fóònù ló bá lọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo ti sọ ìtàn ọmọ onínàákúnàá fún wọn débi pé mo lè kà á lórí. Ní alẹ́ yẹn, kò sí ẹsẹ̀ Bíbélì kan tó wá sí mi lẹ́nu. Òwe àwọn baba wa ló wá: ikú yá ju ẹ̀sín. Mo pariwo rẹ̀ sí ọmọ mi létí, àwọn ará ilé kejì gbọ́. Ó yíjú padà, ó sì jáde lọ. Ọjọ́ mẹ́rin la fi wá a, kí a tó rí i lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan l'Ọ̀yọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, láti ìgbà tó padà wọlé ni mo ti ń kọ́ ọ. Òbí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lónìí ni mo kọ ọ́ fún. Ó lè jẹ́ oyún ló gbé wálé, ó lè jẹ́ owó ọ̀gá rẹ̀ ló ná, ó lè jẹ́ ilé ọkọ ló ti kó jáde. Ẹ ti gbàgbọ́ nínú oore-ọ̀fẹ́ tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é ní alẹ́ tí inú ń run ni.

Kí ẹ tó la ẹnu

Ẹyin lohùn. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ti kún yín lẹ́nu, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ lọ bọ́jú, ẹ lọ fa omi tí ẹ ò nílò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò, ẹ sọ fún un pé ẹ ń bọ̀, torí ẹni tó ṣẹ̀ máa ń rò pé ẹ̀yìn tí wọ́n kọ sí òun, wọn ò tún ní yí i padà mọ́. Àdúrà gígùn ò ṣeé gbà nírú àkókò bẹ́ẹ̀. "Jésù, di ẹnu mi mú" ni gbogbo ohun tí èmi rí sọ, mo sì sọ ọ́ tó ìgbà ogún.

Nígbà tí ẹ bá padà wá, oríkì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ pe oríkì rẹ̀ kí ẹ tó pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àjàní ni oríkì ọmọ mi, ẹni tí a jà kí a tó ní. Ọdún méje ló wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oyún mẹ́ta ló bàjẹ́ lára mi kí tirẹ̀ tó dúró. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mú un wọlé láti Ọ̀yọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti múra láti béèrè iye owó tó jẹ́. Mo wo bàtà rẹ̀, eruku ti bò ó. Mo ní, "Àjàní." Ó bú sẹ́kún, èmi náà sì sunkún. Orúkọ yẹn ti wà lórí rẹ̀ kó tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé, kí tẹ́tẹ́ tó mọ̀ ọ́n.

Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù, orí karùn-ún ẹsẹ̀ kẹjọ, pé nígbà tí àwa jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa. Mo ti ka ẹsẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni mo tó gbọ́ ọ. Wọ́n ti ja ìjà náà parí kí a tó mọ̀ pé nítorí wa ni. Àjàní ni gbogbo wa lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Oúnjẹ ṣáájú ọ̀rọ̀

Ẹ wo bí Jésù ṣe ṣe é fún Pétérù. Pétérù ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí gbogbo ènìyàn tilẹ̀ sá, òun ò ní sá. Lóru ọjọ́ yẹn kan náà, níbi tó ti ń yáná pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ ní àgbàlá olórí àlùfáà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sẹ́ Olúwa rẹ̀. Jòhánù kò gbàgbé láti sọ pé iná èédú ni wọ́n ń yá. Lẹ́yìn àjíǹde, ní etí òkun Tìbéríà, Pétérù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn míì ti fi gbogbo òru dẹ àwọ̀n, wọn ò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Jésù ní òwúrọ̀ ló jẹ́ kí wọ́n fa ẹja 153. Nígbà tí Pétérù dé èbúté, ó tún bá iná èédú níwájú rẹ̀. Ẹja ti wà lórí rẹ̀, àkàrà sì wà níbẹ̀. Kí tiwọn tó dé ilẹ̀, ti Olúwa ti wà lórí iná. "Ẹ wá jẹun," ni ó wí. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Pétérù léèrè, kò sì bi í pé kí ló dé tó o fi ṣe é. Ó bi í pé, "Ìwọ fẹ́ràn mi bí?"

Nítorí náà, ẹ dá iná. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ni mo rò lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì bù ú sí abọ́ rẹ̀ aláwọ̀ ewé, èyí tó ti ń lò láti kékeré. Ó fẹ́ gbé e lọ jẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní òun á máa sùn sí ṣọ́ọ̀bù, òun á máa bá mi ru ẹrù aṣọ títí òun á fi san gbogbo gbèsè. Mo rántí ọmọ inú Lúùkù orí kẹẹ̀ẹ́dógún. Lójú ọ̀nà ló ti há ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí, ó sì parí rẹ̀ sí "fi mí ṣe bí ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe rẹ." Ẹ ka ìtàn náà dáadáa: nígbà tó dé iwájú bàbá rẹ̀, kò ráyè sọ gbólóhùn yẹn. Bàbá ti ń ké pe àwọn ìránṣẹ́ kí wọ́n gbé aṣọ wá, kí wọ́n gbé òrùka, kí wọ́n gbé bàtà. Èmi náà ò jẹ́ kí Àjàní sọ ọ́ tán. Mo bu omi, mo ní kó fọwọ́.

Ẹ má jókòó tì í bí ọlọ́pàá tó ń dúró kí ẹni tó mú jẹun tán. Bí oúnjẹ bá ti di ìdẹ, ọmọ á mọ̀, kò sì ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn. Ọ̀rọ̀ owó lè dúró dọ̀la.

Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ dúró dọ̀la, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni Àjàní sọ fún mi pé òwe tí mo pa yẹn ń dún sí òun létí títí òun fi dé Ọ̀yọ́. Ara mi tutù. Bí ọmọ yín bá ń sọ pé ó sàn kí òun má sí, bí kò bá rí oorun sùn, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kò ní kọ́ ọ lóhun tí kò rò. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹ sì mú un lọ síbi tí dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti ọkàn wà. Wọ́n wà ní UCH n'Ìbàdàn, wọ́n wà ní Àró l'Abẹ́òkúta. Pásítọ̀ lè bá yín lọ, kó sì máa gbàdúrà nínú ọkọ̀.

Ẹ gba ẹ̀sín náà sọ́rùn

Ibí yìí ló le jù fún mi, ibẹ̀ náà ni mo sì ti rí i pé mi ò tíì mọ ohun tí oore-ọ̀fẹ́ jẹ́.

Àwọn àgbà ní àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Lúùkù sọ pé nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní òkèèrè, bàbá rẹ̀ rí i, àánú rẹ̀ ṣe é, ó sì sáré. Bàbá ọlọ́rọ̀, tó ní ìránṣẹ́, tó wọ aṣọ ńlá, ló ń sáré ní gbangba. Kí ló ń lé? Nínú Diutarónómì orí kọkànlélógún, òfin wà fún ọmọ aláìgbọràn, oníjẹkújẹ àti ọ̀mùtí: kí àwọn ọkùnrin ìlú sọ ọ́ lókùúta. Mo gbà lọ́kàn mi pé bàbá yẹn fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ kí ẹnu àwọn ará ìlú tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wo ẹni tó ń ṣe ohun ìtìjú ní títì, kí wọ́n kọ́kọ́ wo òun.

Fún èmi, ẹgbẹ́ obìnrin ni títì yẹn. Ó rọrùn láti parọ́. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti yanṣẹ́ lódì láti oṣù kẹta sí oṣù kejìlá ọdún 2020. Bí mo bá ní ìyanṣẹ́lódì ló da nǹkan rú, ta ni kò ní gbà mí gbọ́? Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo bá pa, ọmọ mi ni yóò máa gbé e kiri. Ojoojúmọ́ ni á máa rántí pé òtítọ́ òun kò ṣeé gbọ́ sétí.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ohun tó fẹ́ kí ẹ sọ, torí òun ló ni ìtàn. Àjàní ní kí n sọ pé òun ò parí, kí n má tíì dárúkọ tẹ́tẹ́. Nípàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ọmọ mi ò parí ilé-ìwé. Ayẹyẹ ò sí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ankárá rẹ̀, ó wà nílẹ̀. Ẹ bá wa gbàdúrà." Mo jókòó. Ẹ rí i pé kò gùn. Bí wọ́n bá béèrè pé kí ló ṣe, ẹ ní, "Òun ló ni ìtàn yẹn, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó bá fẹ́." Àwọn márùn-ún gba owó wọn. Ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní kọ síbí. Ìyá àgbà kan dúró títí gbogbo wọn fi lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ọmọ tòun náà ti wà lẹ́wọ̀n ọdún kan rí, ẹgbẹ́ ò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ayẹyẹ ìbá wáyé, mo wọ léèsì náà, mo sì wé gèlè. Àjàní ò fẹ́ wá; mo ní kó gbé Bíbélì mi dání ni. A jọ rìn gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì, a jókòó sí ìlà kẹta. Mo mọ̀ pé wọ́n ń wò. Ìwé Hébérù ní Jésù fara da àgbélébùú, kò ka ìtìjú sí. Wọ́n tú u sí ìhòhò, wọ́n fi í ṣẹ̀sín lójú àwọn tó ń kọjá lọ. Bí ikú bá yá ju ẹ̀sín lóòótọ́, Olúwa wa gba méjèèjì, kò sì yan èyí tó yá.

Ìwé àti bírò

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rò pé mo fẹ́ kí a gbàgbé owó, ẹ dúró ná.

Ọjọ́ kejì tó dé ni a jókòó. Kí n tó mú bírò, mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́ fún òwe tí mo pa sí i létí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sọ pé, "Màámi, ẹ dìde, ẹ dìde." Mi ò dìde títí ó fi ní òun ti dárí jì mí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ṣẹ̀, ẹni tí mo ṣẹ̀ ni mo sì bẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Owó ilé-ìwé ọdún mẹ́ta, 330,000 náírà. Gbèsè ọ̀rẹ́, 60,000. Owó ilé tó ń gbé, 85,000. Owó tó yá lórí fóònù, 43,000, àwọn wọ̀nyí ló sì ń halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn á kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́, kí ẹnu rẹ̀ kà á. Bí ó bá fi ọ̀kan pa mọ́, èyí tó fi pa mọ́ yẹn ni yóò padà wá mú un.

Mo fa igi lé 330,000 náírà lórí. Mo ní n kò ní béèrè rẹ̀ mọ́ láéláé, mi ò sì tíì béèrè rẹ̀. Gbèsè ọ̀rẹ́ àti ti onílé, èmi ni mo san án, mo fi í ránṣẹ́ sí wọn tààrà, kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Fílémónì nítorí Ónẹ́símù pé bí ó bá jẹ ọ́ ní gbèsè, kà á sí mi lọ́rùn. Owó òwò mi ni mo yọ, 145,000 náírà, nítorí èyí mi ò lè kó ọjà Kérésìmesì ọdún náà. Ọ̀fẹ́ ni oore-ọ̀fẹ́ fún ẹni tó gbà á. Ẹni tó fún un ló mọ iye tó jẹ́. Gbèsè orí fóònù ni mo fi sílẹ̀ fún òun fúnra rẹ̀, torí ọkùnrin ni, ó sì ní ọwọ́ méjì.

Bákan náà ni mo gba fóònù ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí rẹ̀, mo ra fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì fún un fún oṣù mẹ́fà. Mi ò fi owó ọjà sílẹ̀ níbi tó ti lè rí i. Ìfẹ́ mi sí i kò ní àdéhùn kankan nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí tẹ́tẹ́ ń pè lọ́sàn-án lóru, gbígbé owó síwájú rẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́. A bá a wá ọ̀gá tó ń ṣe iṣẹ́ iná àti sólà, a sọ òtítọ́ fún ọ̀gá náà kó tó gbà á, ó sì gbà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi àgbà n'Ílọrin. Ọdọọdún ló ń mú 40,000 wá nínú owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Màámi, ìgbà wo lẹ sè irú gbẹ̀gìrì yẹn fún èmi?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, torí òótọ́ ni. Àwa òbí máa ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó ṣe sùúrù, òun ni àgbà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá inú ìtàn yẹn jáde lẹ́ẹ̀mejì: ó jáde lọ bá àbúrò lójú ọ̀nà, ó sì tún jáde lọ bẹ ẹ̀gbọ́n tó bínú dúró síta. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, mo sè gbẹ̀gìrì ní ilé ìdáná rẹ̀, mo gbọ́ gbogbo ohun tó ní í sọ láìdá a lóhùn. Mi ò dá ọjọ́ fún un pé kó dárí ji àbúrò rẹ̀. Oṣù méje ló gbà á.

Bí ó bá tún ṣubú

Yóò tún ṣubú o. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nígbà tí Pétérù bi Jésù bóyá ẹ̀ẹ̀méje tó láti dárí ji ẹni tó ṣẹ òun, ìdáhùn tó gbọ́ ni ààdọ́rin ìgbà méje.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ọ̀gá Àjàní fún un ní 7,500 náírà kó lọ ra wáyà. Ó gba ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ kọjá, ó sì yà síbẹ̀. Nígbà tó di alẹ́, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tó dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ojú rẹ̀ sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Àyà mi já. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo fa omi tí mi ò nílò, mo padà wọlé.

Mo ní, "Àjàní."

Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó jẹun."

Mo ti na ọwọ́ mú abọ́ aláwọ̀ ewé. Mo ní kó fọwọ́ ná.